Kòkòrò Àjèjì Nínú Oko Àgbàdo: Bí A Ṣe Lè Kápá Rẹ̀ Láì Ba Ilẹ̀ àti Omi Wa Jẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè àti ní gbogbo agbègbè Ògùn Wọ́tásáìdì, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe tuntun létí ẹni tó bá ń gbin àgbàdo. Àgbẹ̀ á dé oko ní òwúrọ̀, á rí i pé ewé àgbàdo tó tutù yọ̀yọ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn ti luhò bí asẹ́. Ohun kan tó dà bí ìyẹ̀fun igi tí ayùn gé á sì ti kún ọkàn àgbàdo náà, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ. Bí ó bá ya ewé wò, yóò bá kòkòrò kan tó ká jọ síbẹ̀, tó sanra, tó sì ń jẹun lọ láìbìkítà.

Ohun tó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni kí a sáré lọ sọ́jà, kí a ra oògùn apakòkòrò tó le jù lọ, kí a sì fọ́n ọn sí gbogbo oko. A kò bá ẹnikẹ́ni wí fún èyí, nítorí ẹni tí ìyà ń jẹ kì í ro ìrònú púpọ̀ kó tó wá ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìdí tí a fi kọ àlàyé yìí ni láti fi hàn yín pé oògùn líle kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Nínú oko yín gan-an ni àwọn alágbàṣe kan wà tí ẹ kò háyà, tí wọ́n ń pa kòkòrò yìí lọ́sàn-án àti lóru. Àwọn sì ni oògùn líle máa ń kọ́kọ́ pa.

Ibo ni kòkòrò yìí ti wá?

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ni Spodoptera frugiperda. Àwọn òyìnbó a sì máa pè é ní fall armyworm, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá pọ̀, wọn a máa rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ bí ọmọ ogun láti oko kan dé èkejì. Àwọn ilẹ̀ olóoru ní Amẹ́ríkà ni ìbílẹ̀ rẹ̀. A kò mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ Áfíríkà títí di ọdún 2016. Ní oṣù kìíní ọdún náà ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà níhìn-ín, àwọn onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA tó wà ní Ìbàdàn sì wà lára àwọn tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àjèjì ni. Ọdún kan náà ni wọ́n rí i ní Benin àti ní Togo. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2018, ó ti wọ èyí tó ju 40 lọ nínú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ó dé India ní ọdún 2018 kan náà, ó sì wọ China ní ọdún 2019.

Bí ó ṣe rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Àfòpiná aláwọ̀ eérú ni ìyá rẹ̀, òru ló sì ń fò. Ó lè rin tó kìlómítà 100 láàárín òru kan ṣoṣo bí afẹ́fẹ́ bá gbè é. Ó lè yé tó ẹyin 1,500 kó tó kú. Ìdìpọ̀ ìdìpọ̀ ni yóò tò wọ́n jọ sára ewé, 100 sí 200 lójú kan, yóò sì fi irun ara rẹ̀ bò wọ́n bí òwú. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹyin náà á pa. Àwọn ọmọ á jẹ ewé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà wọn á já bọ́ sílẹ̀, wọn á wọ inú erùpẹ̀ lọ sùn, bí ọjọ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án bá sì ti kọjá, wọn á jáde ní àfòpiná. Ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ.

Kì í sinmi nígbà kankan nínú ọdún. Níwọ̀n ìgbà tí a ń gbin àgbàdo àkọ́rọ̀, tí a ń gbin ti àrọ̀kúrò, tí àwọn mìíràn sì ń gbin ti àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oúnjẹ kò wọ́n ọn rárá.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Kì í ṣe gbogbo kòkòrò tó bá wà lára àgbàdo ni kòkòrò yìí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé inú igi àgbàdo ni wọ́n ń gbẹ́, àwọn wọ̀nyẹn sì ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́. Láti mọ àjèjì yìí, ẹ wo orí rẹ̀: ẹ ó rí ìlà kan tó mọ́lẹ̀ ju ara yòókù lọ, tó dà bí lẹ́tà Y tí a dorí rẹ̀ kodò. Ẹ tún wo ìhà ìdí rẹ̀: ẹ ó rí àmì dúdú mẹ́rin tí wọ́n tò bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àpótí. Bí ẹ bá rí méjèèjì, òun náà ni.

Nígbà tó bá ṣì kéré, kò tíì lágbára láti lu ewé já. Ojú ewé nìkan ni yóò máa ha jẹ, tí yóò fi ku awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àkókò yìí gan-an ló yẹ kí a rí i. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ló ń gbà. Nígbà tó bá ti wọ inú ọkàn àgbàdo, tó sì ti fi ìgbẹ́ ara rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, ó di ìṣòro ńlá.

Ìdí tí oògùn líle fi ń já wa kulẹ̀

Ìdí àkọ́kọ́ ni ibi tí kòkòrò náà ń gbé. Oògùn tí a fọ́n sójú ewé ní ọ̀sán gangan kì í dé inú ọkàn àgbàdo níbi tó sá pamọ́ sí. Òru àti ìdájí ló máa ń jáde jẹun jù. Nítorí náà, ẹni tó fọ́n oògùn ní agogo méjìlá ọ̀sán ti ná owó rẹ̀ sórí ewé lásán.

Ìdí kejì ni pé oògùn kan náà tí a ń lò ní ìgbà gbogbo máa ń di ohun tí ara kòkòrò gbà. Àwọn tí oògùn kò rí pa ni wọ́n ń bímọ, ọmọ wọn a sì máa jọ wọ́n.

Ìdí kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ wo oko tí a kò tíì fọ́n oògùn sí dáadáa, ẹ ó rí èèrà tó ń gun igi àgbàdo, alántakùn tó ta okùn sáàárín ewé, agbọ́n tó ń rá bàbà káàkiri, àti alángbá ní ìdí ebè. Àdán ń gbé àfòpiná mì lóru, ẹyẹ sì ń ṣa kòkòrò jẹ ní òwúrọ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ń jẹ ẹyin kòkòrò yìí tàbí ọmọ rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀. Ìta gbangba ni púpọ̀ nínú wọn ń rìn, wọn kò sá pamọ́ sínú ọkàn àgbàdo. Nígbà tí oògùn bá dé, àwọn ló ń bá. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, tí àfòpiná mìíràn sì fò wọlé láti oko aládùúgbò, kò ní sí ẹni tí yóò dá a dúró mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ ṣe máa ń rà á, tí yóò tún rà á, títí èrè oko yóò fi tán sínú ike oògùn.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí oko. Òjò tó ń wẹ ilẹ̀ ní ìhà Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè ń wọ inú ìṣàn àti odò lọ, omi ilẹ̀ wa sì ń ṣàn lọ sí ìhà gúúsù, níbi tí ọ̀sà wà. Àwọn oògùn tí a kọ cypermethrin tàbí lambda-cyhalothrin sára ike wọn wọ́pọ̀ lọ́jà, ohun tó bá sì kù nínú wọn kì í pẹ́ kó tó pa ẹja àti edé bó bá dé inú omi. Àwọn ará wa ní Ògùn Wọ́tásáìdì, tí ọ̀pọ̀ wọn ń fi àwọ̀n àti ọkọ̀ jẹun ní etí ọ̀sà Lẹ́kì, kò yẹ kí wọ́n san gbèsè ohun tí a fọ́n sórí àgbàdo. Bẹ́ẹ̀ sì ni àgbẹ̀ tó ń gbin àgbàdo létí omi ní Ògùn Wọ́tásáìdì fúnra rẹ̀ kò ní ibòmíràn tí yóò ti bu omi.

Ó tún kan ọjà wa. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà lọ, nítorí pé wọ́n bá àṣẹ́kù oògùn dichlorvos nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí òyìnbó kọ̀ láti jẹ, àwa àti àwọn ọmọ wa ló ń jẹ ẹ́ nílé.

Ẹ̀kọ́ tí ẹ̀gẹ́ kọ́ wa

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé kòkòrò lè bá wa ṣẹ́gun kòkòrò, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò kan tó funfun bí ẹni tí a da ìyẹ̀fun lé lórí ti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ Áfíríkà. Congo ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1973, nígbà tí àwọn ọdún 1970 sì fi ń parí lọ, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu, ewé á ká jọ, orí ẹ̀gẹ́ á rún, gbòǹgbò kò sì ní tóbi. Níbi tó ti le jù, ó lè gba ìdá 80 nínú 100 èrè oko. Fún àwa tí gààrì Ìjẹ̀bú jẹ́ oúnjẹ àti òwò fún, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Ìyẹ̀fun funfun ara rẹ̀ ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ oògùn, àgbẹ̀ alágbára díẹ̀ kò sì lè máa fọ́n oògùn sórí ẹ̀gẹ́ fún ọdún kan gbáko. Àwọn onímọ̀ ní IITA, tí Hans Herren ọmọ ilẹ̀ Switzerland ṣáájú wọn, wá béèrè ìbéèrè kan: kí ló ń pa kòkòrò yìí ní ilé rẹ̀? Ní ọdún 1981, wọ́n rí kòkòrò náà ní Paraguay, wọ́n sì rí agbọ́n kékeré kan pẹ̀lú rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà méjì lọ. Ohun tí agbọ́n náà ń ṣe ni pé ó ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò funfun yìí, ọmọ rẹ̀ a sì máa jẹ kòkòrò náà láti inú títí yóò fi kú. Kì í fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́, kì í sì í ta ènìyàn.

Wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ sí ìlú London láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó má baà mú àrùn mìíràn wá. Ní ìparí ọdún 1981, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọdún 1982, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ní ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń fúnra rẹ̀ tàn kálẹ̀, wọ́n sì mú un dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn. Kòkòrò ẹ̀gẹ́ náà kò parẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ rọ̀, ẹ̀gẹ́ sì tún ta. Ní ọdún 1995, wọ́n fún Herren ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé nítorí iṣẹ́ yìí. Títí di òní, àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ń jẹ èrè agbọ́n tí kò tíì fojú rí rí, kò sì san kọ́bọ̀ lé e lórí.

Kòkòrò àgbàdo yìí lè ju ti ẹ̀gẹ́ lọ ní agídí, nítorí pé ó ń fò lọ jìnnà, àgbàdo kì í sì í pẹ́ lóko bí ẹ̀gẹ́. Síbẹ̀, àwọn ọ̀tá rẹ̀ ti ń dé. Agbọ́n tíńtín kan tó ń jẹ́ Telenomus remus, tí inú ẹyin kòkòrò yìí ló ń yé tirẹ̀ sí, ni àwọn olùwádìí ti rí ní Benin tó múlé gbè wá, ní Niger àti ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn. Iṣẹ́ tiwa ni kí a má pa irú àwọn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a lè ṣe lóko

Ẹ gbin àgbàdo yín ní kùtùkùtù àkókò òjò, kí ẹ̀yin àti aládùúgbò yín sì jọ gbìn ín láàárín ìgbà kan náà. Àgbàdo tó bá dá gbẹ̀yìn ni gbogbo àfòpiná tó ti àwọn oko yòókù jáde yóò wọ́ lọ bá.

Ẹ má ṣe gbin àgbàdo nìkan. Àwọn baba wa tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà àti àgbàdo pọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe. Oríṣiríṣi ewé a máa da àfòpiná láàmú láti mọ ibi tí yóò yé sí, a sì máa fún alántakùn àti èèrà ní ibùgbé. Ní Kenya, Uganda àti Tanzania, àwọn olùwádìí gbin ewéko kan tí òórùn rẹ̀ ń lé àfòpiná sáàárín àgbàdo, wọ́n sì gbin koríko tó ń fà á mọ́ra yí oko ká. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2018, iye kòkòrò tó wà lára àgbàdo fi ohun tó ju ìdá 80 nínú 100 dín sí ti oko tí a gbin àgbàdo nìkan sí.

Ẹ máa yẹ oko wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí àgbàdo bá ti pé ọ̀sẹ̀ kan lókè ilẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ fọ́ ìdìpọ̀ ẹyin tí ẹ bá rí, ẹ mú kòkòrò tí ẹ bá bá, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ pa. Fún oko kékeré, kò sí oògùn tó dára tó èyí.

Ẹ bu eérú ààrò tó ti tutù tàbí iyanrìn kíkúnná díẹ̀ sínú ọkàn àgbàdo tí kòkòrò ti wọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní Áfíríkà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń ni kòkòrò náà lára púpọ̀.

Ẹ lo dongóyárò. Ẹ gún èso rẹ̀ gbígbẹ tí a ti bó èèpo rẹ̀ títí yóò fi kúnná. Ẹ wọn gíráàmù 500 sínú lítà omi 10, ẹ jẹ́ kó wà nínú omi mọ́jú, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn, nítorí oòrùn máa ń pa agbára rẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ kọ inú ọkàn àgbàdo. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Ńṣe ni kì í jẹ́ kó lè jẹun dáadáa, kì í sì í jẹ́ kó dàgbà. Nítorí náà, ẹ ní sùúrù fún un.

Ẹ pe àwọn èèrà wá. Ní àwọn ilẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ a máa wọ́n omi ṣúgà tàbí omi ẹja sára àgbàdo kí èèrà lè gun un, bí wọ́n bá sì ti gun un, wọn a kó kòkòrò pọ̀ mọ́ ọn. Ní etí ọ̀sà, ta ni kò ní omi ẹja nílé?

Bí ó bá di dandan kí a lo oògùn

A kò sọ pé oògùn jẹ́ èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kà á. Ẹ dúró ní ibi márùn-ún nínú oko, kí ẹ wo igi àgbàdo mẹ́wàá ní ibì kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ 50 lápapọ̀. Bí àgbàdo bá ṣì kéré, tí àwọn tí kòkòrò wà lára wọn kò sì tó 10, ọwọ́ àti eérú tó o. Nígbà tó bá ti dàgbà díẹ̀ kó tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ó lè fara da á títí yóò fi tó 20. Àgbàdo tí ilẹ̀ rẹ̀ lọ́ràá máa ń yọ ewé tuntun padà. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa ń ràn án lọ́wọ́.

Bí iye náà bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè fún èyí tí a fi Bacillus thuringiensis ṣe, nítorí pé irú àwọn kòkòrò ajewé yìí ló ń pa, kì í ṣe ẹja tàbí alántakùn. Ohunkóhun tí ẹ bá rà, ẹ rí i pé nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú àti ẹnu, ẹ má dojú kọ afẹ́fẹ́, ẹ má ṣe fọ ẹ̀rọ ìfọ́noògùn nínú odò. Ẹ má fi ike oògùn bu omi mímu tàbí epo pupa láé. Ẹ ka iye ọjọ́ tí a kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó kórè.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá yé tó lè lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, tàbí kó bá àwọn òṣìṣẹ́ Ètò Ìdàgbàsókè Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí OGADEP. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ya fọ́tò kòkòrò náà sórí fóònù, kí ẹ mú un dání lọ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ara ẹ̀fọ́ náà ni ohun tó ń jẹ kòkòrò ń gbé. Kí a tó gbé ẹ̀rọ ìfọ́noògùn kọ́ èjìká ní àkókò òjò tó ń bọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo oko wa dáadáa, kí a mọ ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí a má baà pa á.